Orúkọ Ali Kò Sọ Alevi Di Ṣíà

Bí ìròyìn Síríà bá ti jáde, ẹnìkan á sọ pé Alevi ni Assad, ààrẹ Síríà tẹ́lẹ̀, pé àwọn èèyàn rẹ̀ ló kún Jámánì. Bí èèyàn bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó di pé Ṣíà ni wọ́n nígbà náà, ṣebí Ali, àna Ànábì Muhammad, ni wọ́n ń pè. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Alawi ni ẹ̀yà Assad. Lárúbáwá ni wọ́n, Síríà ni wọ́n pọ̀ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wà ní Antakya àti Adana ní ilẹ̀ Tọ́kì. Alevi jẹ́ ẹlẹ́sìn kan láti Anatolia, apá Éṣíà ilẹ̀ Tọ́kì, tó ń sọ èdè Tọ́kì tàbí èdè àwọn Kurd. Lára Ali ni orúkọ méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n ìtàn wọn ò papọ̀.

Ti Ṣíà yẹn ló ṣòro jù láti yọ lọ́kàn èèyàn. Òótọ́ ni pé Alevi fẹ́ràn Ali, wọ́n sì ń bọlá fún àwọn Imam méjìlá bí àwọn Ṣíà ti ń ṣe. Ẹ wá wo ìṣe wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kírun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, wọn kì í sì í gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Inú oṣù Muharram ni ààwẹ̀ tiwọn bọ́ sí, ọjọ́ méjìlá gbáko, tí wọn kì í mu omi lásán, nítorí òùngbẹ tó gbẹ Husayn, ọmọ Ali, kí wọ́n tó pa á ní Karbala. Bó bá parí, wọ́n á se aşure, oúnjẹ dídùn tí wọ́n fi oríṣiríṣi ọkà àti èso sè, wọ́n á bù ú fún aládùúgbò. Cem ni ìjọsìn wọn: tọkùnrin tobìnrin á jọ jókòó, dede, ìyẹn olórí ẹ̀sìn tó jogún ipò rẹ̀ láti ìdílé, á máa darí, wọ́n á ta saz, ohun èlò orin olókùn, wọ́n á kọrin, wọ́n á jó semah, ijó ìjọsìn wọn. Àwọn tó ń bá ara wọn jà gbọ́dọ̀ parí ìjà kí cem tó bẹ̀rẹ̀. Ìrun tí àwọn Ṣíà ń kí ní mọ́sálásí Ìráànì kọ́ nìyẹn.

Cemevi ni wọ́n ń pe ilé ìjọsìn wọn, òun ló sì gbé wọn dé kóòtù. Ìjọba Tọ́kì ní inú Islam ni Alevi wà, pé mọ́sálásí ló yẹ kí wọ́n máa lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 2016, Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá Tọ́kì lẹ́bi. Nígbà tí Tọ́kì wá dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún wọn ní 2022, abẹ́ ilé iṣẹ́ àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́ ni wọ́n fi í sí.

Àwọn kan tún ní Yúróòpù ni wọ́n ti dọ́gbọ́n dá ẹ̀sìn yìí sílẹ̀ kí ìjọba lè fún wọn lówó. Orin Pir Sultan Abdal, akéwì Alevi ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ni wọ́n ṣì ń kọ nínú cem! Àwọn tó bá àdéhùn òṣìṣẹ́ tí Tọ́kì àti Jámánì ṣe ní 1961 dé Jámánì ń fi ara wọn pamọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé ni. Hamburg ni wọ́n ti kéde ara wọn ní gbangba ní 1989. Lẹ́yìn tí àwọn jàǹdùkú dáná sun òtẹ́ẹ̀lì Madımak, níbi tí àwọn tó wá síbi àjọ̀dún Alevi dé sí, ní Sivas ní ilẹ̀ Tọ́kì, ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1993, tí èèyàn 35 kú sínú rẹ̀, ẹgbẹ́ wọn kún sí i. Ẹ̀kọ́ Alevi wọ ilé ìwé Berlin ní 2002. Ní 2020, ìpínlẹ̀ North Rhine-Westphalia fún wọn ní irú ipò tí àwọn ìjọ Kristẹni ńlá ní lábẹ́ òfin.

Ṣé Mùsùlùmí wá ni wọ́n? Èmi ò ní dáhùn fún wọn. Ní Austria, àwọn kan gba ìdánimọ̀ ní 2013 gẹ́gẹ́ bí Alevi inú Islam. Àwọn Alevi mìíràn kọ̀ jálẹ̀ pé tiwọn kò sí nínú Islam, wọ́n sì jà títí ìjọba fi forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀ ní 2022. Ó jọ pé ìdáhùn méjèèjì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Bí ẹ bá ń bá ará Tọ́kì ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Berlin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bi í lójú ẹlòmíràn bóyá Alevi ni. Ní ìlú Maraş ní ilẹ̀ Tọ́kì, nínú oṣù Kejìlá 1978, wọ́n ti sàmì sára ilé àwọn Alevi kí wọ́n tó wá pa wọ́n. Àwọn tó kú lé ní 100.