Spanghew

Spanghew jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe àtijọ́ nínú ẹ̀ka-èdè tí wọ́n ń sọ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Scotland. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a fi agbára ju nǹkan sókè, àmọ́ jíju ọ̀pọ̀lọ́ tàbí àkèré láàyè ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Àwọn kan a máa kọ ọ́ ní spang-hew tàbí spang-whew. Inú spang, tó túmọ̀ sí kí nǹkan ta sókè tàbí kí a jù ú lójijì, ni ó ti wá.

Wọ́n á gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan dábùú òkúta, tí ìpẹ̀kun rẹ̀ kan á kanlẹ̀, tí ìkejì á sì wà lókè. Èyí tó kanlẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀lọ́ lé. Ẹnìkan á wá fi kùmọ̀ lu ìkejì kíkankíkan, ni ẹranko náà á bá fò lọ sókè fíofío. Ikú ló sábà máa ń já sí.

Ìkórìíra ló fà á. Àwọn ará oko gbà pé olóró ni ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n sì máa ń kà á mọ́ ẹranko tí àwọn àjẹ́ ń lò. Oró wà lára rẹ̀ lóòótọ́: kókó méjì tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ máa ń sun omi funfun tí kì í jẹ́ kí ajá lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n kò ní eyín rárá, kòkòrò àti ìgbín aláìníkarawun tó ń ba ọ̀gbìn jẹ́ ló sì ń jẹ. Ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń jù káàkiri yẹn.

Òfin kò tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òfin ọdún 1822 tí Richard Martin gbé síwájú ilé aṣòfin dáàbò bo ẹṣin, màlúù àti àgùntàn. Ti 1835 fòpin sí ìjà àkùkọ àti dídẹ ajá sí béárì. Kò sí èyí tó dárúkọ ọ̀pọ̀lọ́.

Joseph Wright, ọmọ Yorkshire tó jẹ́ pé ìgbà tó bàlágà ló tó kọ́ ìwé kíkà, kó ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé atúmọ̀ ẹ̀ka-èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gbé jáde ní ìdìpọ̀ 6 láàrin 1898 sí 1905. Inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló kù sí báyìí. Ní ìgbà ìrúwé, tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ bá ń sọdá títì lálẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń yé ẹyin, àwọn olùyọ̀ǹda ní Ìlú Ọba máa ń fi korobá kó wọn kọjá.