Wákàtí 24: Ta Ló Ni Ín?

Bí wọ́n bá mú ọmọ ẹni lọ sí tẹ́ṣàn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún ará ilé nídìí kántà ni pé, "Ẹ lọ fọkàn balẹ̀, òfin fún wa ní wákàtí mẹ́rìnlélógún." Ará ilé á gbà, á lọ wá oúnjẹ wá. Bẹ́ẹ̀, òfin kò ta ọlọ́pàá lọ́rẹ wákàtí kankan.

Ọlọ́pàá tuntun tó ń múra ìdánwò á ti há a sórí: 1861 tí iṣẹ́ ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, 1930 tí wọ́n pa ọlọ́pàá Nàìjíríà pọ̀ di ọ̀kan, abala 35, wákàtí 24. Ẹni tó há 24 sórí tí kò há 40 mọ́ ọn kò tíì mọ nǹkan kan. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí ẹni tí wọ́n mú lórí ìfura dé iwájú ilé-ẹjọ́ láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu, ó sì fẹnu ara rẹ̀ túmọ̀ àkókò yẹn. Bí ilé-ẹjọ́ tó lágbára lórí ọ̀rọ̀ náà bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan ni. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì ni, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé ó yẹ. Ilé-ẹjọ́ o, kì í ṣe DPO. (Ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, bí ìpànìyàn, kò sí nínú ìṣirò yìí.)

Kí wá ni kìlómítà ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ wákàtí? Ìrìn láti tẹ́ṣàn dé ilé-ẹjọ́ ni òfin ń wọ̀n. Tó bá jẹ́ àyè ìwádìí ni, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe díjú tó ni wọn ì bá fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo alábàárù ọjà Bódìjà. Oníbàárà ra àpò ẹ̀wà, ó ní kó bá òun gbé e dé ìdí mọ́tò. Àpò náà kì í ṣe tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ tú u wò, kò gbọdọ̀ bù nínú rẹ̀, kò sì lè ní òun ń gbé e lọ sùn nílé torí ó ti rẹ òun. Bí mọ́tò bá wà nítòsí, a kò retí kó pẹ́. Bí ọ̀nà bá jìn, kò burú kó sọ ẹrù kalẹ̀ kó mí. Ṣùgbọ́n alábàárù kan wà tí í gbé ẹrù dúró láàárín ọjà, tí á ní àfi bí wọ́n bá fowó kún owó kí òun tó gbéra. Gbogbo ọjà ló mọ irú wọn. Ní tẹ́ṣàn, owó béélì ni wọ́n ń pè é, lábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni béélì.

Ìwọ̀n 40 kìlómítà yẹn, yíyí ká ni, kì í ṣe ojú títì. Kí èèyàn fi kọ́ḿpáàsì gún tẹ́ṣàn lórí máàpù, kó fa òbìrí yí i ká. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òbìrí tí kò ní bá ilé-ẹjọ́ májísíréètì kankan pàdé ṣọ̀wọ́n. Ọjọ́ méjì tí àwọn kan ń dárúkọ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ibi tí á dúró sí níhìn-ín.

Ìtàn tí wọ́n ń há sórí náà sì kan ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lọ. Ní 1861 tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ẹ̀ṣọ́ 30 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1863, wọ́n gbé ìbọn lé àwọn Haúsá lọ́wọ́, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó sá fún olówó wọn. Kì í ṣe pé wọ́n mọ òfin ju ará Èkó lọ. Wọn kò ní ìyekan níbẹ̀ ni. Ní 1893, George Denton tó ń di ipò gómìnà mú kọ ọ́ sílẹ̀ pé àǹfààní ńlá ni bí ìbí àti ẹ̀sìn wọn kò ṣe pa wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tó yí Èkó ká. Akódà tí ọba rán wọ agbo ilé mọ baálé, baálé mọ̀ ọ́n, ilẹ̀ kò ní ṣú kí àwọn àgbà tó mọ ibi tí ọmọ wọn wà. Kí a má sì fi ìyẹn pọ́n akódà jù: ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ni àwọn olóṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn fi ń lé ọ̀tá wọn kiri lẹ́yìn òmìnira. Àmọ́ nígbà tí ẹni tó mú ọ kò mọ̀ ọ́, tí àwọn èèyàn rẹ kò sì mọ̀ ọ́n, ìwé nìkan ló kù tó lè béèrè ọ.

Òfin ACJA ti 2015, ìyẹn òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, tó wà fún Àbújá àti àwọn ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ (ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, Èkó ló sì kọ́kọ́ ṣe é, ní 2007), mú ìwé náà le sí i. Bí wákàtí 24 bá kọjá láìfún afurasí ní béélì, ẹnì kan lè tọ ilé-ẹjọ́ lọ lórúkọ rẹ̀, ẹnu lásán tó o láti fi bẹ̀bẹ̀. Lópin oṣù, ọ̀gá tẹ́ṣàn gbọ́dọ̀ fi orúkọ àwọn tí wọ́n mú láìní ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí májísíréètì. Ọgbọ́n gidi ni: ilé-ẹjọ́ kò ní í jókòó dúró de ẹrù, á máa béèrè rẹ̀.

Ibi tí ó ti ń jò ni pé májísíréètì tí kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà lè fọwọ́ sí i kí wọ́n ti afurasí mọ́lé fún ọjọ́ 14 ná, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ẹrù ti dé ìdí mọ́tò, lóòótọ́, mọ́tò ni kò ní epo.

Ihò kejì kéré débi pé ojú lè fò ó. Òfin ACJA yìí kan náà to ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ nípa afurasí lẹ́sẹẹsẹ: ẹ̀sùn, orúkọ, iṣẹ́, àdírẹ́sì, àwòrán, ìtẹ̀ka, ọjọ́ tí wọ́n mú un àti bí wọ́n ṣe mú un. Ọjọ́ ló wà níbẹ̀, aago kò sí. Ẹni tó sì yẹ kó máa ka wákàtí náà, wọ́n ti bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sí kántà pẹ̀lú bẹ́líìtì àti fóònù kó tó wọ sẹ́ẹ̀lì.