Ìlù Ló Kọ́kọ́ Dé: Bí Paul Simon Ṣe Ṣe Àwo The Rhythm of the Saints

Ẹni tó bá fi The Rhythm of the Saints, àwo orin tí Paul Simon gbé jáde ní October 1990, sórí ẹ̀rọ, kò ní kọ́kọ́ gbọ́ gìtá. Kò sì ní gbọ́ ohùn Simon. Ìlù ló máa gbọ́, ìlù rẹpẹtẹ tí wọ́n ń lù ní gbangba ìta, ó sì máa ṣe díẹ̀ kí olórin fúnra rẹ̀ tó la ẹnu. Fún ọkùnrin tó jẹ́ pé gìtá kan àti ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi di ìlú-mọ̀ọ́ká, ìyẹn yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe àwo náà gan-an nìyẹn: ìlù ló kọ́kọ́ dé, orin wá bá a níbẹ̀.

Àwa ọmọ Yorùbá kì í pẹ́ fò sókè tá a bá ti gbọ́ orúkọ Olódùmarè lẹ́nu òyìnbó. Orúkọ náà wà nínú àwo yìí, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀. Àmọ́ ká tó máa pariwo pé "tiwa ni, tiwa ni", ó yẹ ká mọ ẹni tó ru ẹrù náà dé ibi tí Simon ti bá a. Kì í ṣe àwa tá a wà nílé.

Ọdún 1941 ni wọ́n bí Paul Simon ní Newark, ní New Jersey. Queens ní New York ló ti dàgbà. Òun àti Art Garfunkel, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, gbé àwo kan jáde ní 1964. Kò tà. Kálukú bá tirẹ̀ lọ, Simon gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, ó ń kọrin kiri ní àwọn ibi kéékèèké. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Tom Wilson, aláwọ̀ dúdú tó ń darí iṣẹ́ orin fún iléeṣẹ́ Columbia, fa "The Sound of Silence" yọ látinú àwo tí kò tà yẹn ní 1965. Ó pe onígìtá oníná, ó pe onílù, ó ní kí wọ́n lu tiwọn lé ohùn àwọn méjèèjì lórí. Kò béèrè lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó fi máa di January 1966, orin náà ti gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti ń pe Simon ní olórin folk-rock, ìyẹn orin ìbílẹ̀ wọn tí wọ́n fi gìtá oníná àti ìlù gbè. Ẹ fi sọ́kàn o: nígbà yẹn, ohùn ló ṣáájú, ìlù ló tẹ̀ lé e, ẹlòmíì ló sì fi ìlù ọ̀hún sí i.

Ó tó ogún ọdún kí Simon tó dorí ètò yẹn kodò. Òun àti Garfunkel pínyà ní 1970. Ó lọ sí Kingston ní Jàmáíkà lọ bá àwọn onírẹ́gẹ̀ ṣe "Mother and Child Reunion", tó wà nínú àwo rẹ̀ ti 1972. Ní 1985 ó gba Johannesburg lọ, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí àlééfà, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ti ní kí olórin kankan má lọ síbẹ̀. Wọ́n bú u bí ẹní láyin, àwọn kan sì gbè é lẹ́yìn. Graceland, tó tibẹ̀ jáde ní 1986, gba Grammy àwo tó dára jù lọ lọ́dún náà. (Ẹni tó ta steel guitar nínú orin tí wọ́n fi sọ àwo ọ̀hún lórúkọ ni Demola Adepoju, ọmọ ẹgbẹ́ King Sunny Adé. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń jó o kò mọ̀.) Ohun tí Simon rí kọ́ níbẹ̀ ju Grammy lọ: jẹ́ kí àwọn onílù àti onígìtá ṣe tiwọn ná, gbé téèpù lọ sílé, máa gbọ́ ọ, kó o tó wá ọ̀rọ̀ tí wàá kọ lé e.

Nígbà tó tún fẹ́ ṣe òmíràn, kò padà sí Johannesburg. Bràsíl ló gbà lọ, ó sì dé Salvador, olú ìlú Bahia.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Bahia ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa lọ lẹ́rú, pàápàá ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń fọ́, tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Wọ́n mú òrìṣà dání, wọ́n sì mú ìlù tí wọ́n fi ń pe òrìṣà dání. Nínú àwọn ilé òrìṣà tó ń tẹ̀ lé ìlànà Kétu ní Salvador, ìlù mẹ́ta ni wọ́n ń lù títí dòní: rum tó tóbi jù, rumpi tó tẹ̀ lé e, àti lé tó kéré jù. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń lu rumpi àti lé. Ìlù Ṣàngó kì í ṣe ìlù Ọ̀ṣun, ti Ògún sì yàtọ̀ sí ti Ọbàtálá.

Àwọn aláṣẹ kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ọlọ́pàá a ya wọ ilé òrìṣà, wọ́n a kó ìlù lọ, wọ́n a kó èèyàn lọ. Títí di 1976, ilé òrìṣà tó bá fẹ́ ṣọdún ní Bahia gbọ́dọ̀ lọ gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. January ọdún yẹn ni gómìnà Roberto Santos fòpin sí i. Ọdún méjìlá péré ló wà láàárín ìgbà náà sí ìgbà tí Simon gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ dé. Àwọn tó ń lu ìlù fún un kì í ṣe ọmọdé tó gbọ́ ìtàn ìyà lẹ́nu bàbá àgbà. Ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣe.

Ọjọ́ Carnival, ọdún ijó ìgboro wọn, ni ìlù fi rí ọ̀nà bọ́ sí ìta. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ló dá ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy sílẹ̀ ní 1949, ijexá ni wọ́n sì ń lù, ìlù tí orúkọ Ìjẹ̀ṣà ṣì wà lára rẹ̀. Ilê Aiyê dé ní 1974, ní àdúgbò Liberdade, aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde ní Carnival 1975, ìwé ìròyìn ìlú náà bú wọn pé àwọn ni ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Olodum tẹ̀ lé wọn ní 1979. Pelourinho ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, àdúgbò àtijọ́ kan lórí òkè tó gba orúkọ rẹ̀ lára òpó tí wọ́n máa ń de ẹrú mọ́ lù. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ilé ńlá ibẹ̀ ti ń ya lulẹ̀, tálákà ló ń gbé inú wọn, àwọn ará ìlú tó rọ́wọ́ họrí kì í sì í fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ara Olódùmarè ni wọ́n ti gé orúkọ ẹgbẹ́ náà. Àmọ́ ẹni tó sọ ọ́ di ohun tí ayé ń gbọ́ ni Antônio Luís Alves de Souza, tí gbogbo Salvador mọ̀ sí Neguinho do Samba. Ilê Aiyê ló ti wá.

Ohun tí Neguinho ṣe rèé. Ó mú surdo, ìlù ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn tí wọ́n fi ń lu sáńbà, ó pín in sí oríṣiríṣi ohùn: àwọn tó rẹlẹ̀ jù ń pè, wọ́n sì ń dáhùn, àwọn tó ga díẹ̀ ń jó láàárín wọn. Ó fa ìlù náà sẹ́yìn díẹ̀ bí àwọn onírẹ́gẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ó wá gbé repique, ìlù kékeré olóhùn líle, lé gbogbo wọn lórí. Kì í ṣe kọ̀ǹgọ́ ni wọ́n fi ń lu repique yìí. Ọ̀pá méjì ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń tẹ̀ bíi pàṣán, ìró rẹ̀ sì ń já fáá-fáá-fáá. Ẹni tó bá ti rí wọn tí wọ́n ń lu lé nílé òrìṣà Kétu máa mọ ìbátan ọ̀pá náà lójú ẹsẹ̀. Samba-reggae ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tó fi máa di Carnival 1987, gbogbo Salvador ló ń kọ orin Olodum nípa àwọn Fáráò ilẹ̀ Íjíbítì.

Simon dé bá wọn ní 1988, òun àti Roy Halee, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti ń bá a gba ohùn sílẹ̀ láti ìgbà Garfunkel. Wọn kò kó àwọn onílù lọ sí sítúdíò kankan. Ojú pópó Pelourinho níbẹ̀ ni wọ́n to máìkì sí, àárín àwọn ilé tí ìlù náà ń gbá lára ògiri wọn lójoojúmọ́. Mo rò pé ohun tó gba àwo náà là nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ máa gbọ́ ìgboro nínú ìró yẹn: ìlù ò dá dúró, ibi tí wọ́n ti ń lù ú náà ń dún.

Ó gbé téèpù padà sí New York láìní ọ̀rọ̀ orin kankan lọ́wọ́. "The Obvious Child", orin àkọ́kọ́ nínú àwo náà, ló wá kọ lé e lórí. Kò sí Bràsíl nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sonny ló jókòó lójú fèrèsé, tó ń ṣí ìwé àwòrán ilé ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ wò, tó ń ronú pé ọjọ́ ti lọ. Simon náà ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún. Láàárín orin ló pa ẹnu dé, ó jẹ́ kí Olodum gbà á, lẹ́yìn náà ló padà wá bá wọn. Bó bá jẹ́ Tom Wilson ti 1965 ni, ohùn ni ì bá jẹ́ ọ̀gá.

Àwọn orin yòókù gba àkókò. Vincent Nguini, onígìtá ọmọ Kamẹrúùnù, wá, òun àti Simon jọ kọ "The Coast". Naná Vasconcelos láti Recife lu onírúurú ìlù sí i. Ẹgbẹ́ Uakti láti Belo Horizonte, tí wọ́n ń fi páìpù àti nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ohun èlò orin ara wọn, wà níbẹ̀. Milton Nascimento bá a gbè nínú "Spirit Voices", orin tó jáde látinú ìrìn àjò kan sínú igbó Amazon, níbi tí oníṣègùn ìbílẹ̀ ti fún un ní àgbo mu. Àwọn kan ní àwọn olórin náà pọ̀ jù fún àwo kan. Ní tèmi, ó rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwo, kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àti níparí.

Orin ìparí ni wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ. Inú rẹ̀ ni Olódùmarè wà, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ́run. Babalú Ayé náà wà níbẹ̀, lórí ọ̀pá ìtilẹ̀. Mo dúró lórí ìyẹn fúngbà díẹ̀. Lẹ́nu àwọn ará Bahia, Obaluaê tàbí Omolu ni Ọbalúayé ń jẹ́, ìko ni wọ́n sì fi ń bò ó látorí dé ẹsẹ̀. Babalú Ayé jẹ́ ohùn àwọn ará Kúbà, àwọn náà ni wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Lásárù alágbe, tó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn, tí ajá ń tẹ̀ lé, tí èrò ń wọ́ lọ bá ní El Rincón ní gbogbo December 17. Orin àwọn ará Kúbà sì ti gbé orúkọ yẹn dé New York kí Simon tó tó ọmọ ogún ọdún. Nítorí náà, ìlù Bràsíl ló gbé òrìṣà tó gba Kúbà wá, lẹ́nu ọmọ Queens. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọ̀nà ló yàtọ̀.

Àwo náà gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba ipò kẹrin ní Amẹ́ríkà, kò sì tà tó Graceland. Ní August 15, 1991, nígbà tí Simon ṣeré ọ̀fẹ́ ní Central Park, "The Obvious Child" ló fi ṣí i, ìlù àwọn ọmọ Olodum ló ṣáájú rẹ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò dùn mọ́ mi. Orúkọ Olodum wà lára àwo náà pé àwọn ló lù ú. Àmọ́ ní ti ẹni tó ni "The Obvious Child", orúkọ Simon nìkan ló wà níbẹ̀. Nguini rí tirẹ̀ gbà lórí "The Coast", torí gìtá ló ta. Òfin orin òyìnbó mọ ohun tí gìtá jẹ́. Ìlù ni kò mọ bó ṣe máa kọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìlù yẹn ló bí orin náà.

Simon ra ilé kan fún Neguinho ní Pelourinho. Neguinho sọ ilé náà di ti Didá, ẹgbẹ́ onílù tó dá sílẹ̀ ní 1993, tó jẹ́ pé obìnrin ni gbogbo wọn, nílùú tí wọ́n ti ń sọ fún obìnrin pé surdo wúwo jù fún wọn. Ọdún 2009 ló kú.