Nígbà tí server bá já ìsopọ̀ láìdágbére

Bí ètò kọ̀ǹpútà kan bá pe close() lórí socket TCP (ojú ọ̀nà tí ètò fi ń bá kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), àmì FIN ni kernel (ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) sábà máa ń fi ránṣẹ́, ìyẹn ni pé "mo ti sọ tèmi tán". Ẹni tó wà lódìkejì á jẹ́ ẹ, á parí tirẹ̀, òun náà á fi FIN ránṣẹ́. RST (reset), àmì tí a fi ń já ìsopọ̀ lójijì, kò mọ irú ìyẹn. Kọ̀ǹpútà tó bá gbà á á pa ìsopọ̀ náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kò sì ní fèsì. Ètò tó bá tún fẹ́ ka nǹkan níbẹ̀, "Connection reset by peer" ló máa bá pàdé. RST ti wà nínú ìlànà TCP láti RFC 793, ìwé ìlànà ti ọdún 1981.

Ẹni tó bá fẹ́ fi RST já ìsopọ̀ á kọ́kọ́ fi setsockopt() ṣètò SO_LINGER, ààtò tó ń sọ bí close() yóò ṣe ṣe: l_onoff á jẹ́ 1, l_linger á jẹ́ 0. Lẹ́yìn náà ni yóò pe close(). Gbogbo dátà tó ṣì wà lọ́wọ́ kernel tí kò tíì lọ, ó dànù nìyẹn. Bí send() bá sì ti sọ pé ó yọrí, kernel ló gbà á. Kò túmọ̀ sí pé ó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Ọ̀pọ̀ ń ṣe èyí torí TIME_WAIT, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 60 tí Linux fi ń tọ́jú orúkọ ìsopọ̀ tó ti parí, kí packet (ìdì dátà) tó pẹ́ lọ́nà má baà ṣìnà wọ inú ìsopọ̀ tuntun. Àsọdùn ni, nítorí TIME_WAIT kì í sábà ni server lára. Oníbàárà tó dákẹ́, tí kò gba ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i, ló yẹ kí wọ́n máa ju RST sí. Torí irú rẹ̀ ni nginx, ètò server wẹ́ẹ̀bù kan, ṣe ní ààtò reset_timedout_connection.

RST tí kò sẹ́ni tó pè é ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Lórí Linux, bí dátà tí ètò kò tíì kà bá ṣì wà nínú socket nígbà tí ó pe close(), RST ni yóò jáde. Ẹ wo ẹni tó ń fi fáìlì ńlá kan ránṣẹ́. Server rí i pé ó ti tóbi jù, ó dá 413 (kóòdù HTTP tó ń sọ bẹ́ẹ̀) padà, ó sì ti ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ìyókù fáìlì ṣì ń wọlé bọ̀. RST yẹn lè mú kí kernel oníbàárà da 413 náà nù kí bíráúsà tó kà á. Oníbàárà kò ní mọ ohun tó ṣẹ̀, á kàn rí i pé ìsopọ̀ já. Ohun tó yẹ ni kí server pe shutdown() pẹ̀lú SHUT_WR (ìyẹn ni pé òun kò ní fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́), kó máa ka ìyókù, kó máa dà á nù, títí oníbàárà yóò fi tì í tàbí tí àkókò yóò fi tán. lingering_close ni nginx ń pe èyí.

Bí thread kan (ẹ̀ka iṣẹ́ kan nínú ètò) bá há sínú recv(), níbi tó ti ń dúró de dátà, kí òmíràn má ṣe sáré pe close() lé e lórí. Lórí Linux, kò ní jí i, nọ́ńbà socket yẹn sì lè bọ́ sọ́wọ́ fáìlì mìíràn láìpẹ́. shutdown() pẹ̀lú SHUT_RDWR ló ń jí i: recv() á dá 0 padà, thread náà á sì fọwọ́ ara rẹ̀ tì í.

Alábòójútó tí kò lè fọwọ́ kan kóòdù ní àṣẹ ss -K tó ń já ìsopọ̀, bíi "ss -K dst 203.0.113.7". Láti Linux 4.5 ló ti ṣeé ṣe, bí wọ́n bá kọ́ kernel náà pẹ̀lú CONFIG_INET_DIAG_DESTROY. Àṣìṣe ECONNABORTED ni ètò tó ni socket náà yóò rí.