Sigrid kì í ṣe "Ṣẹ́gun obìnrin"

Orúkọ obìnrin ni Sigrid ní Nọ́rwèy, bí àwọn tó ni ín ṣe ń kọ ọ́ ni kí àwa náà máa kọ ọ́ ní Yorùbá. "Sígírídì" tí àwọn kan gbé jáde kò tilẹ̀ bá ohùn àwọn ará Nọ́rwèy mu, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í pe d tó gbẹ̀yìn orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú jù ni ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún un. Wọ́n ní "Ṣẹ́gun obìnrin" ni. Odidi gbólóhùn ni Olúṣẹ́gun: Olú ni ó ṣe é, ogun ni ó ṣẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan nínú Sigrid. Ní èdè Norse, èdè àtijọ́ àwọn ará Nọ́rwèy àti Íslándì, sigr ni ìṣẹ́gun, fríðr ni arẹwà. F bọ́ sọnù láàárín wọn láti ayé àtijọ́, ó di Sigríðr, ìyẹn tí àwọn ará Íslándì ń kọ ní Sigríður títí dòní.

Bí ẹní ń rán awẹ́ aṣọ òkè méjì pọ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá irú orúkọ yìí. Awẹ́ sig tó wà lára Sigrid náà ló wà lára Sigurd, orúkọ ọkùnrin. Awẹ́ rid rẹ̀ ni a sì tún rí lára Ingrid àti Astrid. Nígbà àtijọ́, bàbá kan lè rán awẹ́ kan náà mọ́ orúkọ ọmọ púpọ̀, kí ará ìta lè mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n, láìbìkítà bóyá awẹ́ méjèèjì para pọ̀ di ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi yan "Arẹwà-ìṣẹ́gun" ní ìtumọ̀ Sigrid. "Ìṣẹ́gun tó rẹwà" tí ọ̀gbẹ́ni kan fi ń bá mi jiyàn sọ ẹwà di ti ogun, bẹ́ẹ̀ ọmọbìnrin ni wọ́n ń sọ lórúkọ!

Siri ni àgékúrú rẹ̀, orúkọ kan náà tí ohùn inú fóònù Apple ń jẹ́ láti ọdún 2011. Níbẹ̀ ni àsọdùn ti wọlé, tí wọ́n ní ó túmọ̀ sí arẹwà obìnrin tí ń ṣamọ̀nà ẹni lọ sí ìṣẹ́gun. Níbo ni wọ́n ti rí amọ̀nà? Aṣọ náà kò ní awẹ́ kẹta.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí Sigrid Undset, òǹkọ̀wé ará Nọ́rwèy tí wọ́n bí ní Kalundborg ní Dẹ́nmárkì lọ́dún 1882, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ lọ́dún 1928, kí ó fi orúkọ ìyá náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó kọ Arẹwà-ìṣẹ́gun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó má sì pè é ní Ṣẹ́gun.