Sōnyūka: orin tó ń wọlé láàárín eré ánímè

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi bá mi níbi tí mo ti ń nu ojú níwájú fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé katúùnù lẹ ń sunkún sí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ní kó jókòó tì mí kó gbọ́ orin náà. Kò gbọ́ èdè Jàpáànù, èmi náà ò gbọ́ ọ. Kí orin ọ̀hún tó parí, ẹnu òun náà ti wọlẹ̀.

Ohun tó ṣe wá lọ́jọ́ náà lórúkọ. Sōnyūka ni àwọn ará Jàpáànù ń pè é. "Sō" ni kí á ki nǹkan bọ inú nǹkan, "nyū" ni wíwọlé, "ka" ni orin. Bí mo bá ní kí n pè é ní Yorùbá, orin àfibọ̀ ni màá sọ. Ẹni tó ń wo ánímè, ìyẹn katúùnù ilẹ̀ Jàpáànù, mọ̀ pé orin méjì ló máa ń bá pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, orin ìbẹ̀rẹ̀ àti orin ìparí, tí wọ́n gé kúrú sí bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Méjèèjì ní àyè tiwọn, a sì ti mọ ìgbà tí wọ́n ń bọ̀. Sōnyūka kò ní àyè kankan. Inú eré gan-an ló ti ń dìde, nígbà tí ẹnì kan fẹ́ kú, tàbí tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tó ti gbàgbé.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni orin ẹkún. Wọ́n ń fi òmíràn mú ìjà gbóná. Èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́, tí dùùrù sábà máa ń ṣáájú rẹ̀, ni mò ń sọ. Má sì ṣe kà á mọ́ orin abẹ́lẹ̀ tí ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré. Ohun èlò nìkan ló sábà máa ń wà nínú ìyẹn, kì í bá ẹnikẹ́ni du ọ̀rọ̀. Orin tí èèyàn ń kọ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bó bá wọlé, ẹnì kan ní láti dákẹ́: yálà òṣèré tàbí akọrin. Olùdarí tó bá gbà kí òṣèré òun dákẹ́ ti fi gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ náà lé orin lọ́wọ́ nìyẹn, ìdí sì nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń ṣọ́ ọ lò. Àwa tí wọ́n pàlọ́ fún ní kékeré mọ ohun tó fara jọ ọ́, torí bí apàlọ́ bá dé ibi tó le, orin ló máa ń gbé. Àmọ́ àwa la máa ń gbè é. Ti ánímè, a kàn ń gbọ́ ọ ni, ẹnu wa á sì wúwo.

Ẹ wo Kimi no Na wa, fíìmù tí Makoto Shinkai ṣe lọ́dún 2016. Ẹgbẹ́ olórin RADWIMPS ló ṣe gbogbo orin inú rẹ̀, mẹ́rin nínú wọn sì ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń kọ. Ó lé lọ́dún kan tí olùdarí àti ẹgbẹ́ náà fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn, tí orin ń tún àwòrán ṣe, tí àwòrán náà ń tún orin ṣe. Orin tí wọ́n pè ní "Sparkle" sún mọ́ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Abẹ́ rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà, Mitsuha, ti ń sáré lọ kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ nítorí ìràwọ̀ onírù tó ń já bọ̀. Orúkọ ọmọkùnrin tó fẹ́ràn ti ń parẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ó kọsẹ̀, ó ṣubú, ó yí gbirigbiri. Ó wá rántí pé ọmọkùnrin náà kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́ òun kí àwọn má bàa gbàgbé orúkọ ara wọn. Ó la ọwọ́. Kì í ṣe orúkọ ló wà níbẹ̀. "Mo fẹ́ràn rẹ" ni. Orúkọ tó ń wá kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ ó dìde, ó tún ń sáré lọ. Mo ti wò ó ju ìgbà márùn-ún lọ, ọwọ́ tó ṣí yẹn ṣì ń mú mi.

Kí ló dé tí orin bẹ́ẹ̀ fi ń wọ ni lára tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to orin nílẹ̀ Jàpáànù wà lára ìdí rẹ̀. A-mero ni wọ́n ń pe apá àkọ́kọ́, ohùn á wà nísàlẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lásán. B-mero á tẹ̀ lé e, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sabi, ìyẹn ègbè, níbi tí ohùn ti tú jáde pátápátá. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ kí n kọ àlàyé yìí ni ochi-sabi. "Ochi" ni jíjábọ́. Nígbà tí orin bá fẹ́ parí, ìlù á dákẹ́, gìtá á dákẹ́, akọrin á wá kọ ègbè kan náà pẹ̀lú dùùrù péré, nígbà mìíràn pẹ̀lú èémí rẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí atẹdùùrù gbé ọwọ́ kúrò kí ìjọ fi ẹnu lásán kọ ẹsẹ kan ti mọ bó ṣe ń rí lára. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ohun èlò á pa dà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú orin tí wọ́n gé sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gé sọnù, nítorí náà odidi orin ni kí ẹ wá gbọ́.

Àlà tó wà láàárín orin ìparí àti sōnyūka kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn. Nínú Kimetsu no Yaiba, apá 19, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọn ò lo orin ìparí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Orin tí Go Shiina ṣe, tí Nami Nakagawa sì kọ, ló gba ipò rẹ̀.

Ti Anohana ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Eré apá mọ́kànlá ni, ọdún 2011 ló jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ní kékeré; ọ̀kan nínú wọn, Menma, kú, àwọn yòókù sì túká. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Menma fara han ọ̀kan nínú wọn. Orin ìparí ni "secret base" lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: àwọn ọmọ náà ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìró rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ orin tó dé, ó ti ká wa mọ́ inú eré.

Orin náà kì í ṣe tuntun. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni ẹgbẹ́ ZONE kọ́kọ́ gbé e jáde. Ọ̀rẹ́ méjì tó fẹ́ pínyà ló dá lé, wọ́n ń retí pé àwọn á tún pàdé lóṣù kẹjọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí ọdún náà pé, àwọn obìnrin mẹ́ta tó fi ohùn ṣe àwọn ọmọbìnrin inú Anohana ló tún un kọ, ẹni tó fi ohùn ṣe Menma sì wà nínú wọn.