Ibi tí Yìnyín ti Ń Yọ́ ni Kí Ẹ Lọ

Oṣù wo ló dára jù láti lọ wo òdòdó lórí àwọn òkè Alps? Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tí mò ń mú lọ, èmi kì í sì í dá oṣù fún wọn. Yìnyín ni kí ẹ máa wò. Ní àwọn pápá ìsàlẹ̀, òdòdó ti lè tàn ní oṣù kẹrin; ní Furka, ọ̀nà tó gba orí òkè kọjá ní Switzerland, tó ga tó mítà 2,429, yìnyín lè wà nílẹ̀ di oṣù kẹfà. Bí ẹ bá pẹ́ dé, tí òdòdó ìsàlẹ̀ ti rọ, ẹ gòkè sí i.

Létí yìnyín tó ń yọ́ gan-an ni òdòdó tí wọ́n ń pè ní soldanella wà. Ó kéré, ó jẹ́ elése àlùkò, ó dorí kodò bí agogo, etí rẹ̀ sì ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Kì í dúró kí yìnyín tán kó tó yọrí. Inú yìnyín tó ti fẹ́lẹ́ ló ń gbà jáde. Láti ìgbà ooru èṣí ló ti rudi sílẹ̀. Yìnyín tó nípọn ló dáàbò bò ó, torí bí afẹ́fẹ́ òkè tilẹ̀ tutù jọjọ, ilẹ̀ abẹ́ yìnyín kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù ju òdo (0°C) lọ. Bó bá wá fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, ọ̀pá òdòdó náà tó dúdú á gba ooru oòrùn, á sì yọ́ yìnyín tó yí i ká. Nígbà tí àsìkò àtihù kò ju oṣù mélòó kan lọ, ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rudi?

Òdòdó Crocus àti Gentiana verna aláwọ̀ aró máa ń pa ẹnu dé bí ìkùukùu bá bo oòrùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oòrùn ràn dáadáa kí ẹ tó jáde.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kúrò lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ rọ̀ gan-an, bàtà á fa gbòǹgbò ya. Ewéko Silene acaulis tó ṣù mọ́lẹ̀ roboto yẹn ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Òmíràn ti lé ní 100 ọdún.

Ẹ má sì wú gbòǹgbò kankan. Àwọn kan ń wá gbòǹgbò ewéko Gentiana lutea, ṣùgbọ́n kó tó tanná, ó jọ Veratrum album, tí májèlé rẹ̀ lè pa ènìyàn. Ewé Gentiana máa ń kọjú síra ní méjì-méjì. Ti Veratrum ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.